Òdo Méjì Lábẹ́ Àtàǹpàkò

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́ kó pè mí, orúkọ náà tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìtàn yìí. Ibi tí mo ti purọ́, màá sọ ọ́ tó bá dé ibẹ̀. Gbogbo ohun tó kù, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́.

Ìwé àlòkù ni mò ń tà. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan, níbi tí oòrùn kì í dé àfi láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́. N ò lọ sílé ìwé. Ìyá mi ò rówó, bàbá mi ò ráyè. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí wọ́n ní kí n tẹ̀ka sí ìwé kan tí n ò lè kà. Ìwé náà ni wọ́n fi gba yàrá tí mò ń gbé kúrò lọ́wọ́ mi. Akọ̀wé tó di àtàǹpàkò mi mú, tó tì í bọ íńkì, ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣì rántí eyín rẹ̀ dòní. Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé n ò ní tẹ̀ka sí nǹkan kan mọ́. Mo ra ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ kan tí iwájú rẹ̀ ti ya dànù, mo bẹ̀rẹ̀ láti lẹ́tà D, mo kọ́ ara mi ní ìwé kíkà. Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà ṣáájú D ṣì ń fìyà jẹ mí.

Nígbà tó yá, gbogbo àdúgbò ló ń gbé ìwé wá fún mi. Lẹ́tà onílé, ìwé ilé ẹjọ́, ìwé tí wọ́n ká mọ́ ìgò oògùn. N kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Bí mo bá kà á tán, mo máa ń sọ pé, "Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. N ò bù ú, n ò sì fi kún un." Ẹnu mi yìí náà ló ń sọ ọ́.

Ọkùnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi fún ọdún mọ́kàndínlógún. Aago ló ń tún ṣe, Bàbá Aláago la sì ń pè é. Ó ní agolo bísíkíìtì kan lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Ọ̀bẹ àpò ló wà nínú rẹ̀, irú ọ̀bẹ kékeré tí ojú rẹ̀ ń ká wọnú èèkù, tí èèyàn ń fi èékánná fà jáde. Mọ́kànlá ni wọ́n. Bí iṣẹ́ bá dá, á kó wọn síta, á ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á wò wọ́n, á tún pa wọ́n dé. Kẹ́. Mo máa ń gbọ́ ọ láti inú ṣọ́ọ̀bù mi. Ohùn kékeré tó dá ṣáká. Kẹ́. Bí n ò bá gbọ́ ọ títí di ìrọ̀lẹ́, màá mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lórí àga, pẹ̀lú aago oníbàárà lọ́wọ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ wọlé wá bá mi. Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é, torí ẹ̀rín rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ó fi ọwọ́ kan gbá agolo bísíkíìtì náà mọ́ àyà. Ọwọ́ kejì ń wá ògiri. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì.

"Oníwèé, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jókòó. Ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn, ìwé wà níbẹ̀."

"Kí ni ìwé máa fi mí ṣe?"

"Ìwé òfin ni. Wọ́n lè mú yín."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó gbé e wá. Dókítà ní wọ́n gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú òun kí ọdún tó parí. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, dókítà ò ṣèlérí nǹkan kan. Ọkọ òun ò fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ ju agolo yìí lọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀bẹ náà níye lórí, pé àwọn kan ń kó irú rẹ̀ jọ káàkiri ayé, pé ìwé wà tí wọ́n to iye ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí.

"Bá mi wá ìwé náà," ó ní. "Kí o kà á fún mi. Ohun tí o bá kà ni màá gbà. Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tí kò ní fi ojú mi yìí rẹ́ mi jẹ."

Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì tún rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi wá ìwé yẹn. Mo lọ sí ilé ìkàwé ńlá. Ọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwé ọ̀bẹ? Ṣé ti oúnjẹ sísè lẹ ní lọ́kàn, Ìyá?" Mo sọ fún un pé ohun tó wà lọ́kàn mi, bó bá gbọ́ ọ, kò ní sùn. Mo lọ bá àwọn tó ń ta ìwé lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin. Wọ́n gbé ìwé ọdẹ fún mi, wọ́n gbé ìwé ogun, ẹnì kan gbé ìwé àwọn oníṣẹ́ abẹ. Gbogbo ibi tí mo bá dé, wọ́n á ní àwọn ti rí i rí, wọn ò sì rántí ibi tí wọ́n ti rí i. Ìgbẹ̀yìn-gbẹ́yín, wọ́n ń kó ẹrù jáde nílé sójà kan tó kú, wọ́n sì ní kí n wá ra páálí ìwé mẹ́rin. Ó wà nísàlẹ̀ páálí kẹta, ó nípọn bíi bíríkì.

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà á. Àwòrán ọ̀bẹ ló wà níbẹ̀, ọ̀wọ́ lọ́wọ̀ọ́. Wọ́n ṣàlàyé àmì tí àwọn tó ṣe é máa ń tẹ̀ sí ìdí ojú ọ̀bẹ, wọ́n ní àmì yẹn lèèyàn fi ń mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Iye mẹ́ta ni wọ́n kọ sí abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan: ti èyí tí wọn ò lò rí, ti èyí tí wọ́n tọ́jú dáadáa, àti ti èyí tó ti gbó. Lẹ́yìn ìwé, ẹni tó kọ ọ́ ń kìlọ̀ fún èèyàn bíi bàbá tó ń bá ọmọ wí: ẹ má pọ́n ọn, ẹ má ha á kó dán, dídán máa ń bu iye rẹ̀ kù.

Èyí tó níye lórí nínú ọ̀bẹ Bàbá Aláago wà lójú ewé igba ó lé mẹ́rìnlá. Èèkù eegun pupa rúsúrúsú, ojú méjì, àmì ẹyẹ méjì tó kọ̀yìn síra wọn. Bàbá náà ò pọ́n ọn, kò ha á. Ó ti tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Mo wo iye rẹ̀. Ẹẹ́rin kan, òdo mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.

Iṣẹ́ abẹ ojú náà ò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ.

Mo lè sọ fún yín pé onílé fẹ́ lé mi. Kò lé mi. Mo lè ní ebi ń pa mí. Mo jẹun yó lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé, èmi ni mo fẹsẹ̀ wá ìwé, èmi ni mo jókòó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á, àwọn tó so táì fi mí ṣe ẹlẹ́yà nítorí rẹ̀. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ẹni tó jókòó sílé ni yóò gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Ó dà bí òdodo létí mi.

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín wá ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀. Oòrùn wà lórí tábìlì. Kò sí ariwo lójú pópó, àní ẹ̀rọ ìránṣọ Télọ̀ tó wà lókè wa ti dákẹ́. Mo gbé ìwé náà sí àárín wa. Ó ní kí òun fọwọ́ kàn án. Mo fi ìka rẹ̀ lé àwòrán ọ̀bẹ náà.

"Òun rèé?"

"Òun ni."

"Iye rẹ̀ ńkọ́?"

Mo fi àtàǹpàkò mi bo òdo méjì tó kẹ́yìn.

Kò pọn dandan. Obìnrin náà ò ríran. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó jẹ́ pé ohun tí ojú mi rí ni ẹnu mi kà. Ẹ ò rí irú ìwà yẹn? Mo fẹ́ jalè, mo sì tún fẹ́ kí ọwọ́ mi mọ́.

"Ogójì," mo ní.

Kẹ́.

Inú agolo ló ti dún. Ó wà lórí ilẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ obìnrin náà, ìdérí rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ó gbé ojú funfun rẹ̀ sókè. Kò kọ ojú sí mi. Ó kọ ojú sí ọwọ́ mi.

"Ogójì?"

"Ogójì, ẹ̀gbọ́n. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn."

Ó pẹ́ kó tó mí. Mo wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ní nítorí àárín wa, màá ra ọ̀bẹ náà ní ọgọ́rin, màá fi owó náà lé e lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "O ṣeun." Ó gba ọgọ́rin. Ó gbé agolo rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ mẹ́wàá tó kù, ó fọwọ́ wá ògiri, ó jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa kúrò lọ́dọ̀ mi tí n ò ní gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Mo ká àtàǹpàkò mi kúrò lórí ìwé.

Ẹẹ́rin kan. Òdo kan. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Mo gbé ìwé náà sínú oòrùn. Wọn ò pa òdo náà rẹ́, bébà náà jọ̀lọ̀. Ibi tó yẹ kí wọ́n wà funfun díẹ̀ ju ibòmíràn lọ, ó sì rí róbótó gígùn. Nígbà tí mo wò ó súnmọ́, mo rí ìlà tíntìntín tó ń yí po bí omi adágún tí wọ́n sọ òkúta sí. Àti ìlà kan tó là wọ́n kọjá ní gbọọrọ. Mo ní àpá bẹ́ẹ̀ ní àtàǹpàkò. Ìdérí agolo kan ló gé mi ní kékeré.

Mo ní ojú mi ló ń ṣe mí. Mo pa ìwé dé.

Ọjọ́ kejì, mo gbé ọ̀bẹ náà lọ sọ́dọ̀ Alátijọ́. Ọkùnrin yìí ń ra ohun àtijọ́, ó sì ń tà á fún àwọn olówó, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju ọjà rẹ̀ lọ.

"Ìyá Oníwèé! Ẹ ti wá ta ara yín? Ẹ ò tíì dàgbà tó."

"Ìwọ lo máa kọ́kọ́ lọ sórí àtẹ. Wo ọ̀bẹ yìí fún mi."

Ó wò ó, ojú rẹ̀ sì tàn. Ó ní ìwé iye ọ̀bẹ tuntun wọlé fún òun lánàá, ti ọdún yìí gan-an, òun ò tíì ya ọ̀rá ara rẹ̀. Ó ya á níwájú mi. Ìwé náà ṣì ń rùn bí ìwé tuntun. Ó ṣí i, ó wá a, ó rí i. Ó fajú ro.

"Ogójì. Mo rò pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó tún ìwé náà yẹ̀ wò. "Ẹ sì wo àwọn atẹ̀wé burúkú yìí. Ẹnì kan ti fi ọwọ́ ẹlẹ́gbin kan ìwé mi kí wọ́n tó dì í."

N ò sún mọ́ ọn. Mo ti rí i láti ibi tí mo dúró.

"Màá fún yín ní ọgbọ̀n," ó ní. "Ìyá? Ìyá, ẹ gbàgbé àpò yín!"

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí wá ìwé. Lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe nítorí owó. Mo kàn fẹ́ rí ẹyọ ìwé kan tí òdo méjì yẹn ṣì wà. Mo rí mẹ́ta láàárín oṣù méjì. Ọ̀kan tín-ínrín, tí wọ́n kọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ọ̀bẹ jọ. Ọ̀kan tí mo fi lẹ́tà bẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ àgbà kan. Ẹ̀kẹta, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Ẹẹ́rin kan, òdo kan, àtàǹpàkò kan. Àpá mi wà nínú ìwé tó dàgbà jù mí lọ.

N ò ta ọ̀bẹ náà, mo tì í mọ́nú dúrọ́ọ̀. Bí oòrùn bá ti kan tábìlì lójoojúmọ́, kẹ́. Bí mo bá sáré ṣí dúrọ́ọ̀, ó máa wà ní pípadé, ó máa tutù. N ò bá a ní ṣíṣí lọ́jọ́ kan.

Lákòókò yẹn ni wọ́n ní kí gbogbo èèyàn wá forúkọ nọ́ńbà fóònù wọn sílẹ̀. Mo tò lórí ìlà lẹ́yìn Télọ̀. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ní kí n tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ gíláàsì. Mo ní n kì í tẹ̀ka, mo mọ orúkọ mi kọ. Ó ní ẹ̀rọ ò mọ̀wé. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n tún un tẹ̀. Ó fi aṣọ nù mí lọ́wọ́, ó fa ọwọ́ mi súnmọ́ ojú rẹ̀.

"Ìyá, kò sí nǹkan kan níbí."

"Bíríkì ló fi ń fọ aṣọ," Télọ̀ ní, gbogbo ìlà sì bú sẹ́rìn-ín.

Èmi náà wò ó. Àtàǹpàkò mi ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Kò sí ìlà, kò sí àpá.

Ọdún ti parí kí n tó lọ bá Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ ọ́n: mo mọ ọjọ́ tí dókítà dá, mo sì jẹ́ kó kọjá. Ojú ló ń tì mí. Ìtìjú tó yẹ kó lé mi jáde ló tì mí mọ́lé.

Yàrá kan ni Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín ń gbé. Ibùsùn kan, àga méjì, aago mẹ́fà lára ògiri tó ń sọ àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo gbé ìwé àti ọ̀bẹ lé e lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, n ò kà á bó ṣe wà."

"Ṣí i fún mi."

Mo ṣí i. Ó fi ìka rẹ̀ tọ ojú ewé náà wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní. Ó dúró síbi iye náà gan-an.

"Ẹẹ́rin," ó ní. "Òdo. Lẹ́yìn náà, ìka rẹ."

"Mo ti ká a kúrò, ẹ̀gbọ́n. Ó ti pẹ́."

"Ó wà níbẹ̀. Ó ń gbóná."

Àwọn aago ń dún lára ògiri. N ò lè gbé orí sókè.

"Ṣé ẹ mọ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Mo gbọ́ nígbà tí ìka rẹ balẹ̀. Kì í ṣe èmi nìkan ló gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Mo rò pé wàá tún un kà." Ó pa ìwé náà dé. "Mo jókòó fún ìgbà díẹ̀, ṣé o rántí? Mo ní kí n fún ọ láyè."

Mo ta gbogbo ìwé mi fún àwọn tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin, páálí kọ̀ọ̀kan fún iye tí ojú ń ti èèyàn láti gbà. Mo ta pẹpẹ tí mo tò wọ́n sí. Mo ta atúmọ̀ ọ̀rọ̀ mi tí kò ní A. Ó pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Dókítà wo ojú Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín, ó wo ọjọ́ tó wà lára ìwé rẹ̀, ó mi orí. Ó ní òun lè gba ojú ọ̀tún là. Ti òsì ti lọ.

Èmi ni mo jókòó tì í nígbà tí nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì. Ó ṣẹ́jú. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó wo fèrèsé, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé ìwé náà wá. Ó wà nínú àpò mi, torí òun nìkan ni n ò tà. Mo ṣí i sí ojú ewé igba ó lé mẹ́rìnlá. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Kí lẹ rí, ẹ̀gbọ́n?"

"Mo rí ọ̀bẹ ọkọ mi."

"Iye rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìwọ, kí lo rí?"

Mo wò ó. Ẹẹ́rin kan. Òdo kan.

"Ogójì," mo ní. Òótọ́ ni mo sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó sì bọ́ sétí mi bákan náà bíi ti ọjọ́ yẹn.

Ó mú ọwọ́ mi, ó yí i, ó fi ojú kan tó kù fún un wo àtàǹpàkò mi fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ náà padà sórí ẹsẹ̀ mi pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń dá ẹrù padà fún ẹni tó ni ín.

Kò rẹ́rìn-ín títí mo fi lọ.

N kì í kàwé fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí wọ́n bá gbé lẹ́tà wá, mo máa ń ní ojú mi ti ń ṣú. Ọ̀bẹ náà wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín. Kò tà á. Ṣọ́ọ̀bù mi ti ṣófo, dúrọ́ọ̀ náà ò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá wọlé ní aago mẹ́rin ààbọ̀, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Kẹ́.

Ẹni tó bá kọ irú ìwé yìí, wọ́n máa ń ní kó fi àmì sí i pé òun ló kọ ọ́. Mo mọ orúkọ mi kọ, ṣùgbọ́n n ò kọ ọ́. Mo ra íńkì. Mo ti àtàǹpàkò mi bọ̀ ọ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ibí yìí, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ bá mi wò ó bóyá ẹ̀yin máa rí i. Bébà funfun ni èmi ń wò.